A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Àlàyé fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Ìtúngbìn Irun àti Ẹni tí Ó Ti Ṣe É

Àwọn baba wa ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí bá gbogbo ibi mu tí ẹnì kan bá ti fẹ́ pinnu ọ̀ràn ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ní àkókò tí a wà yìí, orí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wá kàn. Ẹni tí irun iwájú orí rẹ̀ ń dín kù yóò fi fóònù ya àwòrán orí ara rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí kò dé rí, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, wọn yóò ti sọ iye irun tí wọn yóò gbìn fún un, iye owó tí yóò san, àti ọjọ́ tí yóò wá. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan orí náà. Kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó ń mú irun náà jábọ́. Wọ́n ti fá orí náà tán lẹ́yìn olórí.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwa òṣìṣẹ́ ètò ìròyìn kọ àlàyé yìí fún, àti ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà tí ó ń dúró kí irun hù. A kò kọ ọ́ láti fi orí pípá ṣe ẹlẹ́yà. Apárí kì í ṣe aláìsàn, ọ̀pọ̀ ni ó sì ń gbé orí pípá rẹ̀ kiri pẹ̀lú iyì. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ó máa ń dun ènìyàn. Ọ̀dọ́bìnrin tí kò lè ṣí gèlè rẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ohun tí à ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í bọ́ fìlà nílé àna rẹ̀.

Ohun kan ni a fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo ohun tí a ó sọ. Iṣẹ́ abẹ ìtúngbìn irun kì í dá irun tuntun. Irun tí ó wà ní ìpàkọ́ ni ó ń ná, irun ìpàkọ́ sì ní ìwọ̀n. Ẹni tí ó bá ná an ní ìnákúnàá kò ní rí òmíràn.

Ohun tí iṣẹ́ abẹ yìí ń ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe

Bí a bá ka irun orí àgbàlagbà kan, yóò tó nǹkan bí 100,000. Irun kọ̀ọ̀kan ni ó ní gbòǹgbò tirẹ̀ lábẹ́ awọ, gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan sì ní àkókò ìdàgbà àti àkókò ìsinmi. Ó lè máa dàgbà fún ọdún 2 sí 6, kí ó sinmi fún nǹkan bí oṣù 3, kí irun náà sì jábọ́ kí òmíràn lè hù rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, bí irun 50 sí 100 bá ń jábọ́ lójúmọ́, kì í ṣe àìsàn. Ó di ọ̀ràn nígbà tí èyí tí ó jábọ́ kò bá ní arọ́pò mọ́.

Iṣẹ́ abẹ yìí dà bí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó hú ọ̀dọ́ tòmátì tòun ti gbòǹgbò àti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ kúrò ní ibi tí ó ti pọ̀, tí ó sì tún un gbìn sí ibi tí ilẹ̀ ti ṣófo. Oníṣègùn yóò mú irun láti ìpàkọ́ tàbí ẹ̀gbẹ́ orí, yóò sì gbìn ín sí iwájú orí tàbí àtàrí. Ìdì kéékèèké ni wọ́n ń mú irun náà, irun 1 sí 4 ni ó sì máa ń wà nínú ìdì kan. Oníṣègùn ará Japan kan, Shoji Okuda, ti kọ̀wé nípa irú iṣẹ́ yìí ní ọdún 1939. Ní ọdún 1959, Norman Orentreich ní ìlú New York ṣàlàyé ohun tí ó mú kí ó ṣeé ṣe fún apárí: irun tí a mú láti ìpàkọ́ kì í gbàgbé ibi tí ó ti wá. Bí a bá gbìn ín sí iwájú orí, ìwà irun ìpàkọ́ ni yóò máa hù níbẹ̀, kò sì ní jábọ́ bí irun iwájú orí ti ṣe.

Àǹfààní ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ náà ni ààlà iṣẹ́ yìí wà. Ìdì irun tí a bá ti mú kúrò ní ìpàkọ́ kì í padà hù níbẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ̀rún mélòó kan péré ni ìdì tí a lè mú láti orí ènìyàn kan ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kí ìpàkọ́ fúnra rẹ̀ má baà di ibi tí irun ti tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 22 tí ó bá ná gbogbo rẹ̀ sí iwájú orí lónìí lè rí i, nígbà tí ó bá pé ọmọ ọdún 35, pé irun àtàrí òun náà ń tán, tí kò sì sí ohun tí a ó fi dí i. Ìdí nìyí tí oníṣègùn tí ó mọṣẹ́ fi máa ń rọ ọ̀dọ́ pé kí ó ní sùúrù títí a ó fi mọ ibi tí orí pípá rẹ̀ ń lọ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà mú irun. Nínú èkínní, tí wọ́n ń pè ní FUT, wọn yóò gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìpàkọ́, wọn yóò rán ojú ibẹ̀ pọ̀, wọn yóò sì pín awọ náà sí ìdì kéékèèké. Àpá gbọọrọ kan ni ó máa ń fi sílẹ̀, ó sì máa ń hàn bí ẹni náà bá gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èkejì ni FUE. Irinṣẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò ju nǹkan bí mìlímítà 1 lọ ni wọ́n fi ń yọ ìdì irun lọ́kọ̀ọ̀kan, àpá rẹ̀ sì máa ń dà bí àmì kéékèèké tí ó fọ́n káàkiri. Kò sí èyí tí kò ní àpá nínú méjèèjì. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé iṣẹ́ òun kì í ní àpá rárá kò sọ òtítọ́ fún yín.

Ẹ wádìí ohun tí ó ń mú irun jábọ́ ná

Kì í ṣe gbogbo orí tí irun rẹ̀ ń tán ni ìtúngbìn yẹ fún. Ohun tí ó fà á ni yóò sọ ohun tí a ó ṣe sí i.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọkùnrin ni orí pípá àjogúnbá. Èròjà ara kan tí a ń pè ní DHT, tí ara ń ṣe láti inú họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, ni ó ń mú kí gbòǹgbò irun iwájú orí àti àtàrí máa kéré sí i, títí irun ibẹ̀ yóò fi tín-ín-rín bí irun ara ọmọ ọwọ́. Irú orí pípá yìí ni ìtúngbìn irun bá mu jù.

Láàárín àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdébìnrin wa, ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí irun ẹ̀bátí àti ti iwájú orí máa sá sẹ́yìn nítorí pé a ń fà á jù. Irun dídì tí ó le koko, àtàṣímẹ́ǹtì tí ó wúwo, wíìgì tí a fi gúlúù lẹ̀ mọ́ iwájú orí, àti irun tí a kọ́kọ́ fi rílásà nà kí a tó dì í, gbogbo wọn ni ó ń ni gbòǹgbò lára. Bí a bá tètè jáwọ́, irun náà lè padà hù láìsí abẹ rárá. Bí a kò bá jáwọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, awọ ibẹ̀ yóò di àpá, gbòǹgbò yóò sì kú. Ìgbà náà ni a lè máa sọ̀rọ̀ ìtúngbìn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá padà sí ìdí dídì líle lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yóò tún pàdánù irun tí ó fowó gbìn. Bí orí bá ń dun ènìyàn lẹ́yìn tí ó kúrò lọ́dọ̀ onídìrí, tàbí tí kókó wẹ́wẹ́ ń sú ní etí irun rẹ̀, àmì ni pé dídì náà ti le jù. A bẹ àwọn ìyá pé kí wọ́n má ṣe sọ fún ọmọ tí ń sunkún pé kí ó mú un mọ́ra.

Àìsàn mìíràn wà tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí, tí ó sì ń tàn yíká díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ni ó máa ń ṣe jù. CCCA ni àwọn oníṣègùn ń pè é, ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 sì fi hàn pé àjogúnbá lè lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Àìsàn yìí ń jó gbòǹgbò irun bí iná abẹ́lẹ̀ títí awọ orí yóò fi máa dán. Bí a bá gbin irun sí orí tí ó ṣì ń jà nínú rẹ̀, irun tí a gbìn náà yóò kú. Oníṣègùn awọ ara lè ní láti gé awọ díẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí ó fi òògùn paná àìsàn náà, kí ó sì dúró fún ọdún kan ó kéré tán láti rí i pé ó ti rọlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ abẹ.

Àwọn kan sì wà tí abẹ kò kàn rárá. Irun obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lè máa jábọ́ gidigidi ní nǹkan bí oṣù 2 sí 4 lẹ́yìn ìbímọ. Bákan náà ni ó lè rí fún ẹni tí ibà líle ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Irú irun bẹ́ẹ̀ sábà máa ń padà fúnra rẹ̀ kí ọdún tó yípo. Làpálàpá orí ọmọdé, òògùn ni ó gbà. Àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn táírọ́ìdì náà lè mú kí irun fọ́nká, ìtọ́jú wọn sì ni ìtọ́jú irun náà. Irun tí ó ṣàdédé pá ní ojú kan róbótó, tí awọ ibẹ̀ sì mọ́ tónítóní, lè jẹ́ pé ara fúnra rẹ̀ ni ó ń bá gbòǹgbò irun jà. A kì í gbin irun sí irú ibẹ̀ nígbà tí ìjà náà ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Irun tiwa kò rí bí irun òyìnbó

Púpọ̀ nínú àwọn àwòrán tí ilé iṣẹ́ ìtúngbìn irun ń fi hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti àwọn tí irun wọn nà. Irun tiwa ká. Kì í ṣe òkè nìkan ni ó ti ká, gbòǹgbò rẹ̀ náà tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ awọ níbi tí ojú kò ti lè rí i. Bí ẹni tí ó di irinṣẹ́ mú bá rò pé gbòǹgbò náà lọ tààrà, yóò gé e sí méjì lábẹ́ awọ, irun náà yóò sì ṣòfò. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn iye orí adúláwọ̀ tí ó ti ṣe, kí ẹ sì ní kí ó fi àwòrán wọn hàn yín, èyí tí a yà lẹ́yìn ọdún kan. Irun tí ó ká ní àǹfààní tirẹ̀ náà: ó ń bo awọ orí ju irun tí ó nà lọ, nítorí náà ìdì díẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti àpá tí ó máa ń wú. Awọ àwọn kan nínú wa wà tí kì í jẹ́ kí ojú egbò tẹ́jú: bí wọ́n bá lu etí, ojú ibẹ̀ yóò wú di kókó tí ó ń tóbi sí i. Kélóìdì ni àwọn oníṣègùn ń pè é, ó sì wọ́pọ̀ láàárín aláwọ̀ dúdú ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Bí ẹ bá ní irú àpá bẹ́ẹ̀ ní ara, tàbí tí òbí tàbí ọmọ ìyá yín bá ní i, ẹ sọ ọ́ kí oníṣègùn tó béèrè. Ó lè ní kí a má ṣe é rárá, ó sì lè kọ́kọ́ gbin ìdì díẹ̀ láti fi dán an wò, kí ó wo bí ojú rẹ̀ yóò ti san.

Ẹ̀kẹta ni àwọn kókó líle tí ó máa ń hù sí ìpàkọ́ ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa, pàápàá àwọn tí ń gẹ irun mọ́lẹ̀ lemọ́lemọ́. Ọ̀pọ̀ ni ó kà á sí nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ìpàkọ́ yìí kan náà ni a ti fẹ́ mú irun. Ẹni tí kókó bá wà ní ìpàkọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ ná, kí ó tó ronú ìtúngbìn.

Òògùn tí a lè kọ́kọ́ lò

Fún orí pípá àjogúnbá, abẹ kọ́ ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Òògùn minoxidil, tí a ń fi pa orí, ti gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọkùnrin láti ọdún 1988, àti fún àwọn obìnrin láti ọdún 1991. Finasteride, tí àwọn ọkùnrin ń gbé mì, gba àṣẹ fún orí pípá ní ọdún 1997. Oṣù mélòó kan ni wọ́n ń gbà kí iṣẹ́ wọn tó hàn, àǹfààní wọn kì í sì í pẹ́ mọ́ lẹ́yìn tí a bá dá wọn dúró. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ pàápàá lè nílò wọn, nítorí pé irun àtilẹ̀wá tí a kò gbìn ṣì lè máa jábọ́ lọ.

Finasteride ní ìkìlọ̀ tirẹ̀. Ó lè dín agbára ìbálòpọ̀ kù nínú àwọn kan, ó sì lè mú kí ọkàn ẹlòmíràn rẹ̀wẹ̀sì. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó, kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan èyí tí ó fọ́, nítorí ọmọ inú rẹ̀. Bákan náà, ó máa ń fa iye tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA ń fi hàn sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Àyẹ̀wò PSA ni a fi ń fura sí jẹjẹrẹ pírósítéètì, àrùn tí ó ń bá àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú jà gidigidi. Ọkùnrin tí ó ń lo òògùn yìí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún oníṣègùn nígbà àyẹ̀wò, kí èsì tí ó dára lójú má baà tàn wọ́n jẹ. Ẹ má ṣe rà á láìsí ìwé dókítà, ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí kí ẹ tó sanwó.

Ta ni yóò di abẹ mú?

Ìbéèrè yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Iṣẹ́ abẹ ni ìtúngbìn irun, kì í ṣe iṣẹ́ ilé ìṣerunlóge. Dókítà tí ó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àjọ MDCN, tí ó sì ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ ti ọdún náà, nìkan ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe é. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé ìwòsàn tí yóò ti ṣe é gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ HEFAMAA, àjọ tí ń mójú tó àwọn ilé ìtọ́jú aláìsàn ní ìpínlẹ̀ wa. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí wọ́n fi ìwé méjèèjì hàn yín. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé kò ní bínú.

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta iṣẹ́ abẹ, ó dára kí ẹ kọ́kọ́ rí oníṣègùn awọ ara tí kò ní èrè nínú rẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba, bí LASUTH ní Ìkẹjà, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti UCH ní Ìbàdàn, ní irú oníṣègùn bẹ́ẹ̀. Owó àyẹ̀wò ọjọ́ kan kéré púpọ̀ sí owó abẹ tí kò yẹ kí a ṣe.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní ilé àti ní òkè òkun ń lọ sí Istanbul ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, nítorí pé owó ibẹ̀ kéré, wọ́n sì ń fi ilé ìtura àti ọkọ̀ kún un. Àwọn oníṣègùn tí ó mọṣẹ́ dunjú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ISHRS, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ìtúngbìn irun lágbàáyé, ti ń kìlọ̀ tipẹ́ nípa àwọn ibi tí dókítà ti ń ya orúkọ rẹ̀ lò, tí àwọn tí kì í ṣe dókítà sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìbáà jẹ́ Èkó ni tàbí Istanbul, àwọn ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ béèrè kí ẹ tó san kọ́bọ̀ nìwọ̀nyí:

Ta ni yóò yọ irun, ta ni yóò sì gbẹ́ ihò tí a ó gbìn ín sí? Kí ni orúkọ dókítà náà?
Ìdì irun mélòó ni ẹ fẹ́ lò, mélòó ni yóò sì ṣẹ́ kù ní ìpàkọ́ fún ọjọ́ iwájú?
Ẹni mélòó ni dókítà náà ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ọjọ́ kan?
Bí ara bá kọ abẹ́rẹ́ tí a fi ń pa ìrora, kí ni ẹ ní nílẹ̀ láti fi dóòlà ẹ̀mí?
Bí ojú egbò bá rà lẹ́yìn tí mo bá ti padà sílé, ta ni yóò tọ́jú mi?

Ìbéèrè kẹrin kì í ṣe àṣejù. Ojú ni ẹni tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ń là sílẹ̀, iṣẹ́ náà sì lè gba wákàtí 4 sí 8. Abẹ́rẹ́ ìpàrora ni wọn yóò máa gún sí orí rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ ju ìwọ̀n lọ, ó lè fa gìrì, ó sì lè dá ọkàn dúró. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ ṣe é ní iyàrá ilé ìtura tàbí ní ẹ̀yìn ìsọ̀ onígbàjámọ̀.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé

Ẹ sọ gbogbo àìsàn tí ẹ ní fún oníṣègùn: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, àìsàn ọkàn, àti ẹ̀jẹ̀ tí kì í tètè dá. Ẹ sọ gbogbo òògùn tí ẹ ń lò, àti àgbo pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ kì í dárúkọ àgbo nítorí pé wọn kò kà á sí òògùn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èròjà kan nínú rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà ju bí ó ti yẹ lọ. Aspirin àti ibuprofen náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí dókítà fi sí orí aspirin nítorí ọkàn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró láìjẹ́ pé dókítà náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọtí àti sìgá yẹ kí a fi sílẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nítorí sìgá kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ojú egbò dáadáa.

Ọjọ́ 14 àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kò tíì mú ilẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 10 ni ó máa ń gbà kí ó tó lè dúró fúnra rẹ̀. Ohun tí oníṣègùn yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí ni ó wọ́pọ̀:

Ẹ gbé orí sókè bí ẹ bá ń sùn, lórí ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta, fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Iwájú orí lè wú ní ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún, wíwú náà sì lè sọ̀ kalẹ̀ dé ojú. Ó sábà máa ń lọ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Ẹ má ṣe fọwọ́ ha orí, ẹ má sì ṣe ṣí èépá. Ọjọ́ 7 sí 14 ni èépá máa ń gbà kí ó tó bọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí dókítà bá ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fọ orí, ife omi ni kí ẹ máa fi dà á lé e jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe ki orí bọ abẹ́ omi ẹ̀rọ tí ń tú pẹ̀lú agbára.

Ẹ má ṣe fi òrí, àdí, ọṣẹ dúdú tàbí àgbo kankan kan ojú egbò. Wọ́n lè dára fún irun tí ó wà ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n ojú egbò ni ẹ ń tọ́jú báyìí, kì í ṣe irun.

Ẹ má ṣe ru ẹrù lórí. Ẹni tí ó ń fi ẹrù rírù jẹun gbọ́dọ̀ béèrè ọjọ́ tí ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó ṣe abẹ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Akoto tí a ń dé lórí alùpùpù, fìlà tí ó há, àti gèlè tí a wé le, kò yẹ orí náà títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Oòrùn gangan àti eruku ọyẹ́ náà kò bá a mu. Bọ́ọ̀lù gbígbá àti eré ìdárayá tí ń mú ènìyàn làágùn yẹ kí ó dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Títẹríba wọlẹ̀ lè mú kí iwájú orí wú sí i, ó sì lè gbo irun tí a gbìn. Mùsùlùmí tí ó ń kírun yẹ kí ó fi ọ̀rọ̀ ìforíkanlẹ̀ àti omi àlùwàlá lọ dókítà àti àlùfáà rẹ̀ ṣáájú, nítorí pé ẹ̀sìn ti ṣe ọ̀nà ìrọ̀rùn fún ẹni tí ara rẹ̀ kò dá. Bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe abẹ kò bá sì lè dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí àwọn àgbà má ṣe kà á sí àfojúdi.

Oṣù kejì ni ó le jù

Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹfà, púpọ̀ nínú irun tí a gbìn yóò jábọ́. Irun àtilẹ̀wá tí ó wà nítòsí rẹ̀ náà lè bá a lọ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí a kò sọ èyí fún yóò ké pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irun òkè ni ó jábọ́, gbòǹgbò ṣì wà nínú ilẹ̀ tí ó ń sinmi. Ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin ni irun tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí yọrí, ní tín-ín-rín. Ní oṣù kẹfà, ìyàtọ̀ yóò ti hàn. Oṣù kejìlá ni a tó lè sọ bí iṣẹ́ náà ti rí, ti àtàrí sì lè gba oṣù 18.

A sọ pé oṣù kejì ni ó le jù nítorí pé ìgbà náà ni ọkàn máa ń pòrúurùu. Orí yóò dà bí ẹni pé a kò ṣe nǹkan kan sí i, owó sì ti lọ. Ìgbà náà ni àwọn tí ń ta òróró ìyanu máa ń rí ènìyàn mú, ìgbà náà sì ni àwọn kan máa ń sáré lọ ṣe abẹ kejì lórí orí tí ti àkọ́kọ́ kò tíì so èso. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ya àwòrán orí yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní ibì kan náà àti lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà, kí ẹ sì jẹ́ kí oṣù méjìlá pé kí ẹ tó dájọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àmì tí a kò gbọ́dọ̀ fi sùn

Ẹ padà sọ́dọ̀ oníṣègùn lọ́jọ́ náà gan-an bí ibà bá mú yín, bí ọyún bá ń jáde lójú egbò, bí ìrora bá ń pọ̀ sí i dípò kí ó dín kù, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn tí ẹ ti fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tàbí bí awọ ibi tí a gbin irun sí bá ń di dúdú bí ẹni pé ó ń kú. Bí èémí kò bá já gaara, tí ara wú lójijì lẹ́yìn òògùn, tàbí tí gìrì mú ènìyàn, ẹ pe 767 tàbí 112 ní Ìpínlẹ̀ Èkó láìjáfara.

Ẹni tí ó ṣe abẹ ní òkè òkun, tí ara rẹ̀ sì yí padà lẹ́yìn tí ó dé, kí ó má ṣe fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Kí ó mú ìwé ìtọ́jú rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tí ó bá súnmọ́ ọn. Nítorí náà, ẹ gba ìwé náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: orúkọ dókítà, iye ìdì irun tí a gbìn, àti àwọn òògùn tí a lò. Bí ẹ bá rí i pé ẹni tí kì í ṣe dókítà ni ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín ní ìpínlẹ̀ wa, ẹ mú ẹ̀sùn náà lọ bá HEFAMAA. Bí ó bá jẹ́ pé dókítà ni ó ṣe àìtọ́, ẹ kọ̀wé sí MDCN. Ìwé owó tí ẹ san àti àwòrán tí ẹ yà ni yóò jẹ́rìí yín.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìtúngbìn irun. Ọ̀pọ̀ ni ó ti ṣe é tí ó sì dára fún wọn. A kò sì sọ pé dandan ni, nítorí pé ẹni tí ó bá gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó sì rìn lọ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé. Ohun tí a sọ ni pé kí olórí wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń pinnu ọ̀ràn orí rẹ̀: kí oníṣègùn fi ọwọ́ rẹ̀ kan orí náà, kí a mọ ohun tí ó ń ṣe é, kí a sì ka irun tí ó wà ní ìpàkọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí ná an.